Yàrá Mẹ́rin Ju Mẹ́ta Lọ, Àbí?

Ọ̀rọ̀ ilé ti sú ìyàwó káfíńtà. Láti ọjọ́ tí ọkọ rẹ̀ ti rí ilé méjì tí wọ́n ń tà, orin kan náà ló ń kọ láàárọ̀, òun náà ló ń kọ lálẹ́.

"Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn ní yàrá mẹ́rin. Èyí tí kò lókè ní mẹ́ta péré, owó rẹ̀ ló tún pọ̀ jù. Kí la tún ń rò? Mo máa sanwó lọ́la."

"Olówó orí mi, òkè ni gbogbo yàrá ibẹ̀ wà. Orúnkún tó ń dun ìyá yín ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin lẹ ó máa pọ̀n wọ́n gòkè?"

"Wọ́n á máa rọra gùn ún."

Obìnrin náà mí kanlẹ̀. Ẹ̀yìn igbá ló ti ń yín àgbàdo sí láti ọjọ́ yìí. Owó tí wọ́n sì fi ọdún pípẹ́ tù jọ nìyẹn, ẹni tó ń tajà kì í dá owó padà. Ó ránṣẹ́ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni ṣíṣírò iye tí ilé yóò náni.

"Àna mi, báwo ni yàrá wọn ṣe fẹ̀ tó?" ni ẹ̀gbọ́n bi káfíńtà.

"Mi ò wọ̀n ọ́n, Àǹtí. Mo kà á ni."

"Ẹ̀yin tí ẹ kì í gé pákó láìwọ̀n?"

Wọ́n jọ lọ wo pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà. Káfíńtà fa téèpù yọ. Bẹ́ẹ̀dì tó ń kàn tà kò lè wọ yàrá kankan níbẹ̀ kí ilẹ̀kùn ṣì rí àyè ṣí. Ó tún un wọ̀n, bí ẹni pé téèpù ló ń purọ́.

Wọ́n lọ wọn ilé kejì náà: àyè yàrá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó ti mẹ́ta tọ̀hún. Wọn ò tíì ṣe fèrèsé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì náà, kò sì sí omi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ gbogbo rẹ̀ ló wà nínú owó ilé kejì.

"Ẹ fi owó ohun tó kù kún un," ni ẹ̀gbọ́n wí.

Káfíńtà ṣírò rẹ̀. "Ó ti ju ti ìkejì lọ."

"Ohun tí mo ń sọ nìyẹn!" Inú ń bí ìyàwó débi pé kò lè rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ilé, bí ilé méjì ò bá rí bákan náà, ẹ má fi iye yàrá nìkan díwọ̀n owó wọn. Ẹ wọn àyè. Ẹ bèèrè ohun tó wà nínú owó náà àtèyí tí kò sí níbẹ̀, kí ẹ ṣírò rẹ̀ kún un. Kí ẹ sì ro ẹni tó máa gbébẹ̀. Ilé tí ìyá ẹni ò lè dé yàrá rẹ̀, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó, ó ti wọ́n jù.