Ọdún Mẹ́ta Tí Ràdíátù Pa Rẹ́

"Àyè kò tó mọ́."

Ohun tí kọ̀ǹpútà kọ sójú rẹ̀ nìyẹn, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ràdíátù mí kanlẹ̀. Láti àárọ̀ ló ti jókòó sí ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gá Ephraim ní Ajégúnlẹ̀, níbi tó ti ń kọ́ṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Kó tó kúrò nílé, ó ti pọn omi, ó ti wẹ ìyá rẹ̀ tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀. Ìdánwò àṣejáde rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ sì ku ọ̀sẹ̀ méjì péré.

Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Kọ̀ǹpútà ilé ìgbẹ̀bí Nọ́ọ̀sì Bernice ti kú pátápátá, inú rẹ̀ sì ni orúkọ gbogbo ọmọ tí màmá náà ti gbẹ̀bí wọn láti nǹkan bí ogún ọdún wà. Ẹ̀dà kan ṣoṣo ló kù, tí wọ́n fi pamọ́ sórí háàdì dísíìkì ní ìpín mọ́kànlá. Ọ̀gá Ephraim fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ di dísíìkì aláìlára, ìyẹn dísíìkì tí ọwọ́ kò lè kàn, tí yóò máa gbé inú kọ̀ǹpútà tuntun, tí yóò sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹni pé èyí tó kú ti jíǹde. Orí háàdì dísíìkì kan náà ni tuntun yìí ń kọ ara rẹ̀ sí.

Ọ̀gá ti kìlọ̀ kó tó lọ síṣẹ́ ní èbúté Tin Can: "Ràdí, má pa ohunkóhun rẹ́ nínú ẹ̀dà yẹn títí a ó fi ṣí gbogbo tuntun wò. Bí àyè kò bá tó, dúró dè mí."

Ràdíátù pè é lórí fóònù. Ọ̀gá ní òun ṣì wà lẹ́nu géètì èbúté, kí ó ní sùúrù.

Somto, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá pè é lọ sí lẹ́sìn ìdánwò wọn, na ọrùn wo kọ̀ǹpútà. "Ṣebí àwọn ìpín tó ṣáájú ti wọ inú tuntun? Abeg, pa wọ́n rẹ́, jẹ́ ká máa lọ."

Ràdíátù mọ̀ pé kò yẹ. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́ dé eegun. Ó pa ìpín mẹ́ta àkọ́kọ́ rẹ́. Iṣẹ́ tẹ̀ síwájú, ó sì parí. Ó ṣí fódà kan ṣoṣo wò, ó rí orúkọ níbẹ̀, ó bá Somto lọ.

"Ṣé o ṣí gbogbo rẹ̀ wò?" Ọ̀gá Ephraim bi í lọ́jọ́ kejì.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ilé ìgbẹ̀bí ló ti já sí i, níbi tó ti ń fi bí wọ́n ṣe ń lo tuntun han Nọ́ọ̀sì Bernice. Fódà ọdún 2008, 2009 àti 2010 kọ̀, wọn kò ṣí. Inú ìpín mẹ́ta tó pa rẹ́ yẹn ni wọ́n wà, wọn kò sì tíì wọ inú tuntun tán. Ó pa kọ̀ǹpútà dé kíá, ó sì pa ẹnu mọ́.

Ó di ọ̀sẹ̀ kan. Ràdíátù ń fi okùn ẹ̀rọ ìtẹ̀wé sí kọ̀ǹpútà fún nọ́ọ̀sì nígbà tí Ìyá Ebube wọlé.

"Mà, ẹ bá mi wo ọjọ́ tí mo bí Ebube ní 2009. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀ ní kó mú ẹ̀rí ọjọ́ ìbí wá."

Nọ́ọ̀sì Bernice wá a lọ, wá a bọ̀. Nígbà tó yá, ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ó dà bíi pé n kò kọ ọ́ sílẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ sì wálẹ̀. "Ogbó ti dé. Bóyá kí n tiẹ̀ fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀, kí n má baà ṣi ọmọ ọlọ́mọ gbé."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Ràdíátù ju kí wọ́n lù ú lọ. Ó kúnlẹ̀. "Mà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ni mo pa á rẹ́."

Màmá náà yíjú sí i. "O ti mọ̀ láti ọ̀sẹ̀ kan, o sì ń wò mí níran?"

Ràdíátù pe Ọ̀gá Ephraim, ó sì jẹ́wọ́ fún òun náà.

Ọ̀gá Ephraim gbìyànjú títí láti dá àwọn fódà náà padà, kò ṣeé ṣe. Kò pariwo, ó kàn jókòó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù lé lórí. "Ká ní ọjọ́ náà gan-an lo sọ fún mi, ó ṣeé ṣe kí n rí nǹkan fà yọ. Nǹkan mìíràn ti gba ipò wọn báyìí." Ó ní Ràdíátù kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ oníbàárà mọ́ títí yóò fi kó orúkọ àwọn ọmọ tó bá ṣeé rí jọ.

Bó ṣe parí ìdánwò, Ràdíátù gbé ìwé àjákọ, ó ń ti ojúlé dé ojúlé láti Ajégúnlẹ̀ títí dé ẹ̀bá Kirikiri. Àwọn ìyá kan ṣì ní káàdì ìbí lọ́wọ́. Àwọn kan ti kó lọ. Àwọn kan ti kú. Òjò pa á, oòrùn pa á. Nínú igba ọmọ ó lé, mọ́kànlélọ́gọ́ta péré ló rí kó jọ, Ebube sì wà lára wọn.

Nọ́ọ̀sì Bernice ń jókòó tì í bó ṣe ń tẹ̀ wọ́n sínú kọ̀ǹpútà. "Àmínát," ni màmá náà wí nígbà kan, ó sì rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Lálẹ́ tí ìyá rẹ̀ ń rọbí, ó bú mi títí ilẹ̀ fi mọ́."

Ràdíátù tẹ orúkọ náà, ó sì ṣí ojú ìwé tó tẹ̀ lé e. Àárẹ̀ ló mú un ṣe àṣìṣe, kò sì sí ẹni tí kì í rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ ọ̀sẹ̀ kan ló sọ àṣìṣe náà di àdánù tí kò lójútùú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí iṣẹ́ bá bàjẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ tètè sọ ọ́ nígbà tó ṣì ṣeé tún ṣe.