Ẹ Bèèrè Kí Wọ́n Tó Gé E Wẹ́wẹ́

"Kò sẹ́ni tó mọ ara mi jù mí lọ," ni ìyá aránṣọ wí, ó sì fìdí kalẹ̀ níwájú nọ́ọ̀sì bí ẹni tó wá gba oyè. "Ìju inú ilé-ọmọ lásán ni. Kí dókítà lu ihò kéékèèké mẹ́ta sí mi níkùn lọ́la, kó yọ ilé-ọmọ náà kúrò. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, mo ti wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi."

"Ta ló sìn yín wá, mà?"

Ìyá fọwọ́ lu báàgì tó gbé sórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. "Òun nìyí. Kì í ráhùn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ṣé ẹ ń rí i?"

"Ọdún kẹjọ rèé tí nǹkan oṣù mi ti lọ. Oṣù tó kọjá, ó ṣàdédé yà kí mi. Mo ti padà di ọmọge."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀. "Ṣé ẹ sọ fún dókítà?"

"Ó bi mí. Mo ní kò sí. Ọmọ tí mo lè bí, ṣé òun ni n ó máa ròyìn abẹ́ aṣọ mi fún?"

"Iṣẹ́ abẹ ọ̀la ti yẹ̀ nìyẹn, mà."

Ẹ̀rín bọ́ lójú ìyá.

"Ẹ̀jẹ̀ tó bá dé lẹ́yìn tí nǹkan oṣù ti lọ pátápátá lè jẹ́ àmì jẹjẹrẹ ilé-ọmọ," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ilé-ọmọ yín ti wú, kò lè gba ihò kékeré jáde lódindi. Irinṣẹ́ kan ni wọ́n fẹ́ fi gé e wẹ́wẹ́ nínú ikùn. Bí jẹjẹrẹ bá fara pamọ́ síbẹ̀, irinṣẹ́ náà lè fọ́n ọn káàkiri, bí èérún aṣọ tí fáànù gbé yí ṣọ́ọ̀bù yín ká."

"Kí la wá fẹ́ ṣe?"

"Ẹ máa ṣàyẹ̀wò ná. Bó bá jẹ́ òun ni, odindi ni wọ́n á yọ ọ́. Ó lè gba kí wọ́n la ikùn."

Ìyá fa báàgì rẹ̀ mọ́ra. "Ọgbẹ́ kékeré lèèyàn kan lè dá tọ́jú," ló wí.

Àyẹ̀wò dé: jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n kò tíì ràn. Wọ́n la ikùn, wọ́n yọ ilé-ọmọ lódindi.

Lọ́jọ́ tí ìyá ń lọ sílé, nọ́ọ̀sì fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ gbogbo obìnrin inú wọ́ọ̀dù:

"Ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ pa mọ́ fún dókítà. Ẹ bi í pé: ṣé wọ́n ti yẹ inú ilé-ọmọ mi wò? Irinṣẹ́ wo lẹ fẹ́ lò? Ṣé odindi lẹ máa yọ ọ́, àbí ẹ máa gé e? Àyẹ̀wò pàápàá lè ṣàìrí jẹjẹrẹ tó sá pamọ́, nítorí náà ẹ bèèrè ewu tó wà níbẹ̀ kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé. Ihò kékeré dára, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo èèyàn."

Gbogbo wọ́ọ̀dù pàtẹ́wọ́. Dókítà náà pàtẹ́wọ́, ó ní, "Ìyá, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹ má gbé nǹkan tó wúwo. Kí àwọn ará ilé máa bá yín gbé e."

"Èmi nìkan ni ará ilé," ni ìyá wí.