Irun Ìpéǹpéjú Mujeebat

Ojú mi méjèèjì wà ní dídì lọ́jọ́ tí Sódìq kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kán oògùn sí i ni. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ pé kí n dì í, kí n fìka tẹ igun rẹ̀ lẹ́bàá imú fún ìṣẹ́jú méjì.

"Salamu alaekun, àǹtí télọ̀."

"Waalaekun salam. Ẹ jókòó. Ẹ má bínú, mi ò tíì lè lajú."

Ẹlòmíì ì bá ti gbé aṣọ rẹ̀ lọ fún télọ̀ mìíràn. Ọkùnrin yìí jókòó. Nígbà tí mo fi lajú, ó ti ki òwú bọ abẹ́rẹ́ mẹ́ta sílẹ̀ dè mí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ọkàn mi yọ́ lójú ẹsẹ̀!

Àgbẹ̀ oníṣu ni Sódìq, ọmọ Àgọ́-Àrẹ. Ṣòkòtò kan ṣoṣo ló gbé wá, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹfà ló wá bèèrè rẹ̀. Lẹ́ẹ̀keje, ẹ̀rín pa mí.

"Ṣòkòtò yìí ti parí láti ọjọ́ Jímọ̀ o!"

"Mo mọ̀. Ẹni tó rán an ni mo wá wò."

Mo sọ ti ojú mi fún un. Gulọkómà ni, àrùn tó ń jí ìríran èèyàn gbé díẹ̀díẹ̀. Oògùn yẹn ló ń dá a dúró, àmọ́ ó ní wàhálà tirẹ̀. Ojú mi a máa ta mí, a sì pọ́n. Ọ̀fun mi a korò. Irun ìpéǹpéjú mi wá gùn, ó dúdú kirikiri. Sódìq ní òun ò rí àbùkù kankan níbẹ̀. "Ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́ mi" ló ń pè mí.

Ìyá rẹ̀ ló rí àbùkù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ lọ kí Alhaja Àmọ̀kẹ́, wọ́n wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọmọ tó ń lẹ irun onírun mọ́jú! Omi àlùwàlá ò lè débẹ̀ láéláé. Irú ìrun wo ló ń kí? Wo bójú ẹ̀ ṣe pọ́n! Sódìq, mi ò fẹ́."

Ojú tì mí. Ṣé kí n sọ pé àrùn ni? Gulọkómà yìí kan náà ló fọ́ bàbá mi lójú. Ìyá wo ló máa gbà kọ́mọ òun fẹ́ ọmọ ìdílé afọ́jú? Bí mo ṣe délé, mo ju oògùn sábẹ́ àpótí, mo ń retí kí irun náà já dànù.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Sódìq rí ìgò náà nínú eruku. Mi ò rí i kó bínú bẹ́ẹ̀ rí.

"Mujee, ṣé orí ẹ pé báyìí? Tójú bá lọ, ṣé ó ń padà wá ni?"

"Torí kí Alhaja lè gbà mí ni."

"Oògùn tuntun la ó kọ́kọ́ rà, o ó kán an níṣojú mi, ká tó lọ bá wọn. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́."

A lọ. Mo kúnlẹ̀. Kí n tó lanu, ọwọ́ Alhaja ti dé ìpéǹpéjú mi, wọ́n fa irun náà!

"Yéè! Alhaja, tèmi ni!"

Ẹ̀rù bà wọ́n. Wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n wò mí. Ìgbà yẹn ni mo sọ gbogbo rẹ̀: oògùn, ojú pípọ́n, bàbá mi.

"Ọmọ tó o bá bí ńkọ́?"

Ọkàn mi ń wí pé kí n parọ́.

"Ó lè mú wọn, Alhaja. Ṣùgbọ́n a ó máa gbé wọn lọ yẹ ojú wò láti kékeré. Bàbá mi ò tètè rẹ́ni kìlọ̀ fún wọn ni."

Alhaja fa àga, wọ́n jókòó tì mí.

"Nígbà tí mo ń lọ sílé ọkọ," ni wọ́n wí, "ìyá mi ní n ò gbọdọ̀ sọ pé ẹ̀gbọ́n mi ní wárápá. Ogójì ọdún ni mo fi gbé ẹ̀rù yẹn kiri. Ìwọ sọ tìẹ lórí ìkúnlẹ̀. Dìde, ìyàwó mi. Foríjì mí."

Oṣù tó tẹ̀ lé e la so yìgì. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, Alhaja ta kú pé àwọn ló máa kán oògùn fún mi. Wọ́n kán an, ó pọ̀ jù, ó ta mí, omijé ń dà wàràwàrà. Àwọn obìnrin ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹkún ìyàwó ti dé! Ilé bàbá ẹ̀ ló ń sunkún lé!"

Ẹkún kọ́ o. Mo nu ojú mi, mo là á, Sódìq dúró lẹ́nu ọ̀nà nínú agbádá funfun, gbogbo eyín rẹ̀ wà níta. Mo rí i kedere.