Bàtà Tí Kò Rí Èéfín

Aǹtí Darinka, olórí ẹgbẹ́, gbé bàtà awọ náà sókè níwájú gbogbo wọn, ó sì fi ìka kàn án. Ó ń dún bíi pákó.

"Brina, ìdí iná lo sá a sí, àbí?"

"Rárá, Aǹtí. Oòrùn lásán ni."

"Oòrùn wo ló ń sọ awọ di igi? Ọmọ àná lo rò pé mo jẹ́?"

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Gìgísẹ̀ Brina méjèèjì ti bó. Ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ mọ́ koríko tí wọ́n ń kì sínú bàtà náà dípò ìbọ̀sẹ̀.

Ọdọọdún ni ẹgbẹ́ yìí máa ń múra bí àwọn ará ijọ́un tó kọ́lé sórí òpó nínú àbàtà Ljubljana, ní ilẹ̀ Slovenia. Wọn kì í lo ẹ̀rọ rárá. Abẹ́rẹ́ eegun àti iṣan ẹran ni wọ́n fi ń rán nǹkan. Lánàá ni wọ́n la àbàtà kọjá. Ẹni tí ohun ìwọ̀ rẹ̀ bá fara dà á ni yóò bá wọn gun òkè lọ́jọ́ Àìkú. Láti ìgbà òtútù ni Brina ti ń múra rẹ̀.

Tinkara, ọ̀rẹ́ rẹ̀, ló ṣe bàtà náà. Ẹ̀yìn ló dúró sí, kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Tinkara fẹ́ ṣe é, Aǹtí Darinka ti kìlọ̀ fún un: "Jẹ́ kí èéfín wọ awọ yìí látàárọ̀ dalẹ́. Awọ tí kò rí èéfín, bí omi bá kàn án, pákó ni yóò dà." Tinkara jókòó tì í díẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì gun kẹ̀kẹ́ kọjá, wọ́n ń lọ lúwẹ̀ẹ́.

"Èéfín lo fẹ́ fi ṣe lọ́fínńdà ni? Jọ̀ọ́, máa bọ̀," ni ọ̀kan nínú wọn wí.

Ló bá pa iná, ó sì bá wọn lọ. Nígbà tó dé, ó fi kọfí dúdú kun awọ náà títí ó fi pọ́n bí èyí tó rí èéfín. Gbogbo èèyàn ló yìn ín.

"Aǹtí, bàtà Tinkara ò lẹ́bi," ni Brina wí báyìí. "Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n tọ́jú."

"Ẹni tí kò lè tọ́jú bàtà, mi ò lè mú un gun òkè."

Ìtìjú bo Tinkara. Bó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tí yóò mọ̀.

"Aǹtí, ẹ gbóòórùn rẹ̀. Kọfí ni. Mi ò jẹ́ kó pẹ́ lórí èéfín."

Aǹtí Darinka gbé bàtà náà símú, ó sì sọ ọ́ kalẹ̀. "Brina, má bínú sí mi. Orúkọ rẹ ti padà sínú ti àwọn tó ń gun òkè." Àmọ́ orúkọ kọ́ ni wọ́n fi ń gun òkè. Gìgísẹ̀ tó bó kò lè jinná kó tó di ọjọ́ Àìkú.

Brina yíjú sí ọ̀rẹ́ rẹ̀. "Mo gbèjà rẹ níwájú gbogbo wọn, o sì ń wò mí."

Lọ́jọ́ Àìkú tí àwọn yòókù lọ sórí òkè, ìdí èéfín ni Tinkara wà pẹ̀lú awọ tuntun, omi ń dà lójú rẹ̀. Àwọn oníkẹ̀kẹ́ pè é, kò dáhùn. Nígbà tó rán bàtà náà tán, ó gbé e lọ sílé Brina. Brina gbóòórùn rẹ̀ dáadáa, ó gbà á, kò sì ní kó wọlé. Tinkara nìkan rìn padà.

Ẹ̀yin ọmọ, iṣẹ́ tí a bá fi èrú ṣe, ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ló máa kọ́kọ́ bó, kí ojú tó ti ẹni tó ṣe é. A lè rán bàtà mìíràn lọ́sẹ̀ kan. Ìfọkàntán kì í yá bẹ́ẹ̀.