Aago Tí Ẹ̀gbọ́n Kò Wò

Afẹ́fẹ́ kankan ò fẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù káfíńtà lọ́sàn-án ọjọ́ náà, síbẹ̀ ọwọ́ aago tó ń wọn eré bàálù gbéra, ó ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Aago yìí nìkan ni wọ́n bá láìfọ́ nínú àwókù bàálù tí káfíńtà àti àbúrò rẹ̀ fọwọ́ ara wọn kàn. Àbúrò, tó dá gbé e fò, ò yè é. Lẹ́yìn ìsìnkú, káfíńtà gbé aago náà kọ́ ara ògiri, rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ ti já, ó ń rọ̀ dirodiro. Ìyàwó rẹ̀ bẹ̀ ẹ́ títí: "Baálé mi, ẹ gbé nǹkan yìí jù nù. Ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí." Kò gbà.

Ó mọ irú gígòkè yẹn dáadáa. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ aago máa ń ṣe tí àbúrò rẹ̀, tó ń tún rédíò ṣe, bá dúró síbi apá bàálù, tó ń rọra fẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú rọ́bà. Ẹ̀gbọ́n á jókòó síwájú aago, á máa wò ó. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dúró sójú kan, kò séwu. Bó bá ń yọ̀ wá sílẹ̀, rọ́bà ń jò níbì kan nìyẹn, aago á sì máa purọ́ eré fún ẹni tó ń wa bàálù lókè.

Lọ́jọ́ tí wọ́n dán an wò kẹ́yìn, àbúrò pariwo láti ibi apá pé: "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó dúró?"

"Ó dúró gbọin-gbọin! Ṣe kíá jàre, ebi ń pa mí!"

Fóònù ló ń tẹ̀. Kò gbójú sókè rárá. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí bàálù náà ti já, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́.

Báyìí, òórùn lẹ́ẹ̀dì yíyọ́ tí wọ́n fi ń lẹ wáyà rédíò, tó máa ń wà lára aṣọ àbúrò, gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ẹnì kan sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ó dúró?"

Orí káfíńtà wú. Kò wẹ̀yìn. Ó tẹjú mọ́ aago náà bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn, ó sì rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀.

"Kò dúró," ló dáhùn. "Ó ń jò, àbúrò mi. Mi ò wò ó lọ́jọ́sí. Èmi ni mo pa ọ́. Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

Ohùn náà dá a lóhùn láti ẹ̀yìn.

"Mo mọ̀. Mo rí yín láti ibi tí mo dúró sí, pé fóònù lẹ ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni mo jẹ́ tí màá fi pe ẹ̀gbọ́n mi lónírọ́?"

Káfíńtà yíjú padà kíá, ó fẹ́ dì mọ́ ọn. Pákó nìkan ló bá lẹ́yìn.