Kápúsù Tó Di Sítáàṣì

Oògùn kì í di sítáàṣì. Beatrice mọ̀ bẹ́ẹ̀, torí òun ló ń fi sítáàṣì sí aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wọn n'Íjerò. Síbẹ̀, kápúsù tó tú sínú omi gbígbóná fún ọkọ rẹ̀ ló ń ki nínú ife yìí, tó ń fà yọ̀ọ̀.

Ọ̀fun ti ń dun Ọdúnayọ̀, kò lè gbé kápúsù mì mọ́, ìdí tó fi tú u nìyẹn. Tíṣà ni Ọdúnayọ̀. Kíndìnrín rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀, Ifẹ̀ ni wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ibi tí wọ́n ń ki rọ́bà bọ̀ lọ́rùn rẹ̀ wú, ó ń sọyún, ibà kò sì fi í sílẹ̀. Dókítà Ifẹ̀ ti jágbe mọ́ Beatrice: "Kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ yìí ti mojú oògùn wa, kò bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Ẹni tó ń lo oògùn ní ààbọ̀ ààbọ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀. Ìyàwó, ẹ̀ ń fò ó, àbí?" Beatrice búra pé òun kò fo ẹyọ kan. Ó sunkún délé.

Ó wá yé e wàyí. Ọ̀dọ̀ Ọláníyì ló ti ń ra kápúsù, oníṣọ́ọ̀bù oògùn l'Árámọkọ, tí gbogbo ayé ń pè ní Dókítà, tí òun náà sì ń dáhùn. Ó gbé ife náà bó ṣe wà, ó di ọ̀dọ̀ Sájẹ́ńtì Ògúntóyè ọlọ́pàá, àbúrò ìyá rẹ̀.

"Bùrọ̀dá, oògùn Ọdúnayọ̀ rèé. Ẹ fọwọ́ kàn án."

Ó lẹ̀ mọ́ Ògúntóyè lọ́wọ́. "Káàsà! Wọ mọ́tò."

Ṣọ́ọ̀bù Àrámọkọ ti tì pa. Wọ́n ní ó ti kiri oògùn lọ sí Èrìjìyàn. Wọ́n débẹ̀, tíì rẹ̀ ṣì ń gbóná lórí tábìlì, fèrèsé ẹ̀yìn ṣí sílẹ̀ gbayawu. Páànù ọgbà ti ya á lẹ́sẹ̀, ẹ̀jẹ̀ kán wọ inú oko kòkó. Ìyá arúgbó kan nawọ́: "Ẹ̀yìn ulé ló gbà lọ!"

Wọn ò rí i. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ibà Ọdúnayọ̀ ń gòkè. Beatrice kò jẹun, kò jókòó. Bó bá gbọ́ ìró mọ́tò, á sáré jáde.

Níkẹyìn, awakọ̀ kan ránṣẹ́ pé ọkùnrin kan tó ń tiro wà ní gáréèjì Ẹ̀fọ̀n, ó fẹ́ wọkọ̀ Iléṣà. Ògúntóyè àti Beatrice bá a nínú ọkọ̀.

"Sọ̀kalẹ̀."

"Sà, ìsìnkú ni mò ń lọ."

"Òkú ta? Èyí tó o pa?"

"Oògùn mi dáa, sà! Ọlọ́run ń gbọ́!"

Ògúntóyè tú aṣọ tó wé mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọgbẹ́ náà ti wú, ó ti ń sọyún. Ó ṣí báàgì rẹ̀, kápúsù kún un. "Ó dáa, àbí? Ẹsẹ̀ rẹ ń fẹ́ oògùn. Gbé méjì mì."

Ọláníyì wo kápúsù, ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Òógùn bò ó.

"Kì í ṣe ìyẹn, sà."

"Èwo wá ni?"

"Èyí tó wà lápò ṣòkòtò mi."

Háà! Ẹ ò rí i bí olè ṣe fẹnu ara rẹ̀ pe ara rẹ̀ lólè. Ó wólẹ̀, ó jẹ́wọ́: á tú kápúsù, á da ààbọ̀ rẹ̀ sínú òfìfo mìíràn, á fi sítáàṣì ẹ̀gẹ́ kún méjèèjì. "Mo rò pé ààbọ̀ sàn ju òfo lọ, sà!"

Àwọn awakọ̀ fẹ́ lù ú pa. Beatrice bọ́ sí àárín wọn. Inú ń bí i, ṣùgbọ́n ó mú kápúsù inú àpò ṣòkòtò ọkùnrin náà, ó kì í bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

"Gbé e mì. Odidi ni. Kí ẹsẹ̀ rẹ san, kó o lè fẹsẹ̀ ara rẹ rìn wọ kóòtù."

Ó gbé e mì tẹkúntẹkún. Wọ́n sọ ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ sí i lọ́wọ́.

Nígbà tí dókítà Ifẹ̀ gbọ́, ó bẹ Beatrice, ó sì wá abẹ́rẹ́ mìíràn, èyí tí kòkòrò náà kò tíì pàdé rí. Ara Ọdúnayọ̀ gbóná, ó rọlẹ̀, ó tún gbóná. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ó jí láìgbọ̀n. Beatrice gbé ife tọ̀ ọ́ wá. Ọdúnayọ̀ yọjú wò ó fínnífínní.

"Kí ló ki báyìí?"

"Ògì ni, Bàbá Bùnmi. Èmi ni mo sẹ́ ẹ."

"Tọ́ ọ wò ná."

Beatrice bú sẹ́rìn-ín, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó tọ́ ọ wò, ó gbé e fún un, ó sì jókòó.