Ojú Àtàǹpàkò Habibullah

Ẹni tó bá fẹ́ lè pè é ní àlọ́. Àmọ́ àlọ́ kì í ní ṣọ́ọ̀bù ní Táíwò Road. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àwọn tó ṣojú wọn kò sì tíì kúrò nílùú. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọ́n á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò kí wọ́n tó dáhùn.

Ṣọ́ọ̀bù Olúdáre kò tóbi. Ìkòkò tábà ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ìkòkò onígi tí àwọn àgbàlagbà ń fi mu tábà nírọ̀lẹ́. Olúdáre ló ń gbẹ́ igi, Tẹniọlá ìyàwó rẹ̀ ló ń mú un dán. Ọmọ Ọ̀mù-Àrán ni àwọn méjèèjì, àdúgbò Basin nílùú Ìlọrin ni wọ́n sì ń gbé. Lójú ẹni tí kò mọ̀, gbígbẹ́ ni iṣẹ́, dídán kàn jẹ́ ọ̀ṣọ́ lásán. Irọ́ ni. Igi tí a kò tọ́jú ara rẹ̀ yóò sán, yóò mu omi, yóò sì máa rùn mọ́ ẹni tó ń lò ó lẹ́nu. Tẹniọlá mọ ohun tí igi kọ̀ọ̀kan ń fẹ́. Ọ̀gànwó fẹ́ràn pọ́líìṣì. Igi òrí ní tirẹ̀, òrí náà ni kí a fi aṣọ pa á lára díẹ̀díẹ̀, kí a tó fi fánìṣì fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó. Etí ìkòkò, níbi tí iná ń wà, kì í gba fánìṣì rárá, torí yóò wú bí awọ ara tí omi gbígbóná dà sí.

Ibì kan tún wà tí fánìṣì kì í dé. Ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀ ni Tẹniọlá ti kọ́ ọ. Kí wọ́n tó mú ìkòkò dán, olówó rẹ̀ gbọ́dọ̀ wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù, kó dì í mú bó ṣe máa ń dì í mú nílé. Ibi tí àtàǹpàkò rẹ̀ bá bà sí, Olúdáre á gbẹ́ ẹ wọnú díẹ̀, Tẹniọlá á sì fi òrí nìkan pa á. Ojú àtàǹpàkò ni wọ́n ń pè é. Olówó ìkòkò á tún tẹ àtàǹpàkò rẹ̀ mọ́ ìda oyin kékeré kan, wọ́n á sì tọ́jú ìda náà sórí pẹpẹ kí àṣìṣe má baà wà. Ìgbà kan ṣoṣo ni Tẹniọlá ń fi fánìṣì dí ojú àtàǹpàkò, ìyẹn bí olówó rẹ̀ bá kú. Àwọn ẹbí á gbé e wá, yóò dí i, wọ́n á sì gbé e lọ fi ṣe ìrántí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí nípa Tẹniọlá kí n tó gbàgbé: obìnrin tí kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìwádìí ni. Olúdáre máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ sin òun, ìyàwó òun yóò kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn pósí kó tó sunkún, kó lè bèèrè irú pákó tí wọ́n fi ṣe é.

Nínú ọyẹ́, ní ọdún 1993, Àlájì Garba wọ ṣọ́ọ̀bù náà. Oníṣòwò awọ ni. Bàbá bàbá rẹ̀ ló ti Sókótó wá tẹ̀dó sí Ìlọrin, àwọn ọmọ rẹ̀ kò sì mọ ilé mìíràn mọ́. Binta, ìyàwó àbúrò rẹ̀, dúró lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ìbòrí rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ojú.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Ìrètí," Àlájì kí Tẹniọlá.

"Ẹ káàbọ̀, Àlájì. Àǹtí Binta, ẹ káàbọ̀. Ṣé àlàáfíà ni?"

Àlájì tú aṣọ kan sórí tábìlì. Ìkòkò tábà ló wà nínú rẹ̀, igi òrí tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Tẹniọlá mọ̀ ọ́n lójú ẹsẹ̀. Ìkòkò Habibullah ni, àbúrò Àlájì. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó níbẹ̀ tó yan bí yóò ṣe dán. Ó ní òun kò fẹ́ èyí tó ń kọ mọ̀nà, òun fẹ́ kó jọ nǹkan tó ti ń gbé lọ́wọ́ òun tipẹ́. Lẹ́yìn náà ló rìnrìn àjò òwò lọ sí Agadẹ́sì, lẹ́yìn Sókótó lọ́hùn-ún nínú aṣálẹ̀. Ó fi ìkòkò náà sílẹ̀ fún Binta, ó ní kó bá òun ṣọ́ ọ, kí iyanrìn ọ̀nà má baà ha á lára. Láti ìgbà náà, kò sẹ́ni tó gbúròó rẹ̀.

"Ẹ bá wa dí i," Àlájì wí.

Tẹniọlá wo ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ ti gbọ́ nǹkan ni?"

"A ò gbọ́ nǹkan kan. Ọdún kẹta rèé, Ìyá Ìrètí. Tá a bá ti kí Jímọ̀ tó ń bọ̀ yìí tán, a ó kírun sí i lára bẹ́ẹ̀, láìrí òkú. Binta á ṣe opó. A ó pín ogún rẹ̀ bí Kùránì ṣe là á sílẹ̀. Ọkàn ìyá wa fẹ́ sinmi." Ó fi ìka kan ìkòkò náà, ó tún yára ká ọwọ́ kúrò. "Mo sọ fún un títí pé makurúù ni tábà, ohun tí ẹ̀sìn kò fẹ́. Kò gbọ́. Àmọ́ nǹkan rẹ̀ ni."

Ó jáde. Binta kò tètè tẹ̀lé e.

"Ẹ má yára," ó wí fún Tẹniọlá. Lẹ́yìn náà ló tẹ̀lé Àlájì.

Tẹniọlá kò yára, àmọ́ ó ṣe é. Ó nu ìkòkò náà. Eruku àpótí wà lára rẹ̀ yíká, ó sì ti gbẹ bí igi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn ṣe máa ń gbẹ. Ojú àtàǹpàkò nìkan ni kò ní eruku. Ó ń yọ̀, ó sì rọ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni. Ó yà á lẹ́nu. Ó rò ó pé Binta ló ń fi òrí pa á. Ó fi sáńpépà ha á, ó kun fánìṣì, ó sì fi í kọ́ ara ìṣó. Ọyẹ́ gbẹ ẹ́ kíákíá.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ojú àtàǹpàkò ti là.

Fánìṣì náà kò bó. Kò sán. Ó kàn ti lọ níbẹ̀ ni, bí ibi tí ọwọ́ ti ń fà fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣe máa ń lọ.

"Òrí tó ti mu tẹ́lẹ̀ ló ń tì í jáde," Olúdáre wí. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́gbọ́n dání. Tẹniọlá fi pẹtiróòlù fọ ibẹ̀ títí tí igi náà fi funfun, ó sì tún un kùn. Ó tún là. Nígbà náà ló gbé ìda oyin Habibullah sọ̀ kalẹ̀ látorí pẹpẹ, ó fi í sínú ojú náà wò. Ó ṣe wẹ́kú.

Ó kùn ún lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé e sínú àpótí onígíláàsì tí wọ́n fi ń pàtẹ ọjà, ó tì í, ó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìró. Ó wá fa àpótí ìjókòó síwájú rẹ̀, ó ń wò ó. Olúdáre ní kó wá jẹun. Kò kúrò níbẹ̀.

Ọ̀sán ni. Oòrùn ọyẹ́ funfun lójú ọ̀nà. Fánìṣì náà ń dán. Lẹ́yìn náà, níbì kan ṣoṣo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Ó ṣú roboto. Ó rọ̀. Ó wọnú. Kò sí ọwọ́ níbẹ̀.

Ẹ̀rù ba Tẹniọlá. Àmọ́ ká sọ òótọ́, ìfẹ́ àtimọ̀ ló ṣíwájú ẹ̀rù. Ó ṣí àpótí náà, ó sì gbé ọwọ́ lé ìkòkò. Ó gbóná wọ́ọ́rọ́. Òórùn tábà jáde láti inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí tábà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ń mu tábà nínú ṣọ́ọ̀bù náà.

Ó gba ilé Binta ní àdúgbò Fate lọ. Binta ń ṣa ìrẹsì lágbàálá. Ó wo ojú Tẹniọlá, ó gbé àwo sílẹ̀.

"Ẹ ti rí i."

"Ṣé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni?"

"Lọ́sàn-án, kí wọ́n tó pe ìrun Àsárì, mo máa ń gbọ́ òórùn rẹ̀ nínú àpótí aṣọ mi. Wàláhì, mi ò fọwọ́ kàn án rí. Mi ò sì sọ fẹ́nì kankan. Wọ́n á ní orí mi ti dàrú."

"Ẹ rò pé ọkọ yín ṣì wà láàyè?"

"Òkú kì í mu tábà, Ìyá Ìrètí."

Adìyẹ kan ń ta ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

"Àbí ó ń mu?" Binta bèèrè, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ohun tí Tẹniọlá mọ̀ ni pé ní Jímọ̀, obìnrin yìí yóò di opó tàbí kó má di opó, ọ̀rọ̀ náà sì ti bọ́ sí òun lọ́wọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ pé. Tẹniọlá ti kun ìkòkò náà láàárọ̀, nítorí Àlájì ránṣẹ́ pé òun yóò wá gbé e. Olúdáre ti lọ ra igi. Nígbà tí àwọn ọkùnrin kọjá sí mọ́ṣáláṣí tán, Táíwò Road dá wáí. Àwọn tó ń ta rẹ́kọ́ọ̀dù ti pa ẹ̀rọ wọn. Wọ́n mú iná lọ, ẹ̀rọ ìlọta ẹ̀gbẹ́ wọn sì dákẹ́. Binta wọlé jẹ́jẹ́, ó jókòó. Ìkòkò náà wà lórí tábìlì láàárín àwọn méjèèjì.

Wọ́n ń gbọ́ èémí ara wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ òmíràn.

Ìró kékeré ni. Ìró ètè tó ń fa nǹkan. Ó fà. Ó sinmi. Ó tún fà. Binta na ọwọ́, ó di ọwọ́ Tẹniọlá mú. Láti mọ́ṣáláṣí lọ́nà jíjìn, ohùn Lèmámù ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nílẹ̀.

Ó fà. Ó sinmi.

Kò fà mọ́.

Wọ́n dúró títí. Tẹniọlá fọwọ́ kan ìkòkò náà. Ó tutù bí òkúta. Ó wo ojú àtàǹpàkò. Fánìṣì náà wà níbẹ̀ digbí, ó ń dán. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò là.

"Ó ti parí," Binta wí. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń yọ yẹtí rẹ̀ bí opó ṣe máa ń ṣe, láìsunkún. Àánú rẹ̀ ṣe Tẹniọlá débi pé kò lè wò ó. Ojú ìkòkò náà ló ń wò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ dúró ná, Àǹtí Binta."

Ní apá kejì ìkòkò náà, níbi tí Olúdáre kò gbẹ́ rí, fánìṣì ń ṣú. Ó ṣú roboto. Ó ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ọwọ́ kò tíì mọ ibi tí yóò ti dì í mú. Ooru ti ń padà sí i lára.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí Àlájì Garba fi wọlé. Kò bọ́ bàtà. Ó fara ti ògiri.

"A ò kí ìrun náà," ó wí. "Mo dìde kí n sọ orúkọ rẹ̀ fún Lèmámù. Òórùn tábà gba imú mi. Nínú mọ́ṣáláṣí. Mo jókòó padà."

Ó rí ìkòkò náà. Ó gbé e, ooru rẹ̀ sì mú kó fẹ́rẹ̀ẹ́ jù ú sílẹ̀. Ó yí i sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì. Ó gbìyànjú láti dì í mú bó ṣe yẹ kí àtàǹpàkò bà sí ojú tuntun náà. Ọwọ́ òsì nìkan ló bá a mu.

"Habibullah kì í fi òsì mú nǹkan," ó wí. "Ìyá wa ti na ìyẹn kúrò lára rẹ̀ láti kékeré." Ó wo ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀. "Kí ló ṣe ọ̀tún?"

"Àbí ọwọ́ ẹlòmíràn ni," Tẹniọlá wí. Kó tó mọ̀, ó ti sọ ọ́. Ó tún yára fi kún un pé, "Ìda àbúrò yín wà níbí. Ọ̀tún ni wọ́n tẹ̀, àmọ́ àtàǹpàkò méjèèjì ẹnì kan kì í fi bẹ́ẹ̀ jura lọ. Tó bá ṣe wẹ́kú, àwọn ni. Tí kò bá ṣe wẹ́kú..."

"Ẹ gbé e wá," Àlájì wí.

Tẹniọlá gbé ìda náà sọ̀ kalẹ̀. Binta ló na ọwọ́.

"Ẹ fún mi."

Ó gbà á. Ó wo ibi tí ọkọ rẹ̀ tẹ̀, ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó ká ọwọ́ bò ó títí ìda náà fi rọ̀, ó sì gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé e, ó tẹ̀ ẹ́, ó tún un tẹ̀, títí àmì ti Habibullah fi pa rẹ́ pátápátá. Àlájì Garba ń wò ó. Kò bá a wí. Ó mí kanlẹ̀, ó sì jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ pẹ̀lú bàbánríìgà rẹ̀.

"Ẹ má dí ti òsì yẹn, ẹ má sì wọ̀n ọ́ wò," Binta wí. Ó ń fi yẹtí rẹ̀ padà sí etí.

Wọn kò pín ogún Habibullah. Binta kò ṣe opó. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ọyẹ́ bá ti ń mú, Tẹniọlá máa ń gbé igbá òrí rẹ̀ lọ sí Fate láti pa ìkòkò náà lára kó má baà sán. Ojú òsì ń jìn sí i lọ́dọọdún. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ìgbà tó dé ibẹ̀ lọ́sàn-án tí kò gbóná.

Lọ́jọ́ kan tó ń pa á, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó sì gbé àtàǹpàkò tirẹ̀ lé ojú òsì náà. Nígbà tó sọ ọ́ nílé, Olúdáre bi í léèrè bí ojú náà ṣe tó: ṣé ti àgbàlagbà ọkùnrin ni, àbí kò tó bẹ́ẹ̀? Tẹniọlá ń ro ọbẹ̀ lórí iná. Ó ní òun kò wò ó.